Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Ẹ Ka Èèyàn Kí Ẹ Tó Sanwó Gbọ̀ngàn

Ìbéèrè: Èèyàn 300 là ń pè sí ayẹyẹ kan. Onígbọ̀ngàn ní 500 ni ibẹ̀ ń gbà, pé àyè á tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Ṣé ká sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ mú owó yín dání ná. Ẹ bi í bó ṣe ka 500 yẹn: ṣé àga nìkan tí a tò ní ìlà-ìlà ni, àbí èèyàn tó jókòó yí tábìlì ká? Àga nìkan ni wọ́n sábà máa ń kà, torí òun ló ń mú kí iye pọ̀.

Ẹ wọn ilẹ̀ fúnra yín. Ká ní ó fẹ̀ ní mítà 20, ó sì gùn ní mítà 20. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, mítà onígun mẹ́rin 400 nìyẹn. Bó bá jẹ́ àga nìkan, ẹ ka 0.8 fún ẹnì kan, 500 á sì wọlé lóòótọ́. Bó bá jẹ́ tábìlì róbótó, 1.4 ni kí ẹ kà. Ẹ kọ́kọ́ yọ orí ìtàgé kúrò, mítà 6 sí 4, ìyẹn 24. Inú 376 tó kù, èèyàn 268 péré ló lè jókòó. Àlejò yín 32 ti wà níta.

Tábìlì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 183 ló ń gba èèyàn mẹ́wàá. Kí mítà kan àti ààbọ̀ wà láàárín tábìlì kan sí èkejì: àga tó kọ̀yìn síra wọn á gba bíi mítà kan, ààbọ̀ yòókù ni ẹni tó ń gbé oúnjẹ á gbà kọjá. Ẹni tó bá fún ibẹ̀ pọ̀, kó múra sílẹ̀ de ọbẹ̀ tó máa dà sí aṣọ àlejò.

Ìbéèrè: Oúnjẹ pọ̀ níbi àpèjẹ wa, síbẹ̀ àwọn èèyàn ráhùn pé àwọn tò pẹ́ jù. Àlejò 240 ni, tábìlì oúnjẹ kan lẹ́bàá ògiri.

Ìdáhùn: Ògiri yẹn ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń lo ìṣẹ́jú àáyá 15 kí ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ tó sún síwájú, èèyàn 240 á gba wákàtí kan gbáko. Ẹ gbé tábìlì kúrò lára ògiri kí wọ́n lè máa bù ú lápá méjèèjì, ó di ìṣẹ́jú 30. Ẹ fi irú rẹ̀ kan kún un, ó di 15. Àwo ni kó wà níbẹ̀rẹ̀, kí ṣíbí wà níparí, torí ọwọ́ tó ti di àwo àti ṣíbí mú ò lè bu nǹkan kan mọ́. Ẹ gbé ohun mímu lọ sí ibòmíì.

Ìbéèrè: Jẹnẹrétọ̀ wa jẹ́ 20 kVA. Gbogbo ẹrù iná wa kò ju kilowáàtì 12 lọ. Kí ló dé tó ń kú bí a bá tan ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Ìdáhùn: Lápapọ̀, 20 kVA ń fúnni ní bíi kilowáàtì 16, nítorí náà ìṣirò yín dára. Títàn wọn pọ̀ ni wàhálà. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, iná tó ń fà fún ìgbà díẹ̀ máa ń ju èyí tó ń lò lẹ́yìn náà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ẹ tan ọ̀kan, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ tan èkejì, kó tó kan gílóòbù àti sípíkà. Ẹ tú wáyà tí ẹ fi ń fa iná jìnnà sílẹ̀ tán pátá. Èyí tó bá ṣì wà ní kíká á gbóná títí ara rẹ̀ á fi yọ́.

Ìbéèrè: Aago 10 là ń kọ sínú ìwé ìpè, a kì í bẹ̀rẹ̀ kó tó di aago 11.

Ìdáhùn: Ẹ ṣírò rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá. Aago 9:30, ilẹ̀kùn ṣí fún àlejò. Aago 9, a ti dán gbohùngbohùn wò tán. Títo wáyà, ìtàgé, tábìlì àti àga gba wákàtí méjì, wáyà ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú, ẹ ò lè máa wọ́ ọ gba abẹ́ tábìlì tí ẹ ti tẹ́ aṣọ lé. Aago 7 nìyẹn. Ẹ wá wo ìwé àdéhùn gbọ̀ngàn: aago mélòó ni wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn fún yín? Bó bá jẹ́ aago 8, ẹ kọ aago 11 sínú ìwé ìpè, tàbí kí ẹ sanwó ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.