Kí ló dé tí ọba Híńdù fi ń kúnlẹ̀ fún ọmọ ẹlẹ́sìn Búdà ní Nepal?

Ẹni tó bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń bọ ọmọdébìnrin kékeré ní Kathmandu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìdáhùn tí wọ́n fún yín yẹn. Wọ́n ní ẹ̀sìn Híńdù ló ní kí wọ́n máa bọ ọmọdé, ó parí. Inú bí mi nígbà tí mo kà á. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Kumari yẹn, ọmọ ẹlẹ́sìn Búdà ni! Ìdílé Shakya ni wọ́n ti ń mú un, àwọn Shakya sì ní ìran Búdà fúnra ẹ̀ làwọn. Òrìṣà tó ń wọ inú ẹ̀ ló jẹ́ ti Híńdù, Taleju lorúkọ ẹ̀, òun làwọn ọba Malla, àwọn ọba Híńdù tó jẹ ní Kathmandu, ń bọ láyé àtijọ́.

Mo gba bọ́ọ̀lù níbẹ̀, Patan, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kathmandu, ni mo ń gbé, ilé àwọn Newar, àwọn onílẹ̀ àfonífojì Kathmandu, ni mo sì háyà. Láàárọ̀, bàbá onílé wa á lọ kí Búdà, tó bá ń bọ̀ á tún yà kí Ganesh, òrìṣà Híńdù, kò sì rí nǹkan bàbàrà kan níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ òrìṣà ńlá tí wọ́n ń fà ní Patan lọ́dọọdún, Híńdù ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, Búdà ní tiwọn, okùn kan náà ni gbogbo wọn jọ ń fà.

Ẹ padà sí ti Kumari. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọba Malla kan máa ń bá Taleju ta dáìsì lálẹ́, ọba wá ń wò ó bí ọkùnrin ṣe ń wo obìnrin, òrìṣà bínú lọ, ó ní àfi nínú ara ọmọbìnrin Shakya ni wọ́n á ti tún rí òun. Àwọn èèyàn máa ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín, wọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohun tó ń sọ ni pé agbára ọba ò sí láàfin ọba. Ó gbọ́dọ̀ jáde lọ bá ẹlẹ́sìn kejì kó tó rí i gbà, kó kúnlẹ̀ kí ọmọ yẹn fi tika, àmì pupa yẹn, sí i níwájú orí, lọ́dọọdún.

Ẹ wo 1768. Prithvi Narayan Shah, ọba Gorkha, kó ogun wọ Kathmandu lọ́jọ́ Indra Jatra gan-an, ọdún tí wọ́n máa ń gbé Kumari jáde, ó gba ìlú mọ́ Jaya Prakash Malla lọ́wọ́, ọba tó kọ́ ilé Kumari ní 1757. Ta ló lè dá a dúró mọ́? Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ Kumari ló lọ, ó gba tika, torí ó mọ̀ pé idà lòun fi gba ìlú, àwọn onílẹ̀ ò sì tíì gbà fún òun. Nígbà tí wọ́n fòpin sí ìjọba ọba ní 2008, ìjọba tuntun gé owó tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Indra Jatra, àwọn Newar tú sígboro, kíá ni wọ́n dá owó padà. Ààrẹ ló wá ń gba tika báyìí.

Mo wà níbi Indra Jatra lọ́dún kan, mo rí Kumari. Aṣọ pupa látòkè délẹ̀, tìróò tí wọ́n fà dé ẹ̀bá etí, ojú kẹta tí wọ́n kùn síwájú orí, wọ́n gbé e jáde torí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbọdọ̀ kanlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín rárá. Àwọn ọ̀dọ́ tó yí mi ká na fóònù sókè, mo bi wọ́n pé kí nìdí tó fi jẹ́ ọmọ Shakya, kò sẹ́ni tó mọ̀, Newar ni wọ́n o! Púpọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ gbọ́ èdè Newar mọ́, Nepali àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé. Ó dùn mí gan-an.

Ti ọ̀rọ̀ sùkúù tí ẹnìkan mẹ́nu bà, pé Kumari kì í kàwé, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Nepal ti dájọ́ ní 2008 pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kàwé, tíṣà ló ń wá bá a nílé. Tó bá rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́, Taleju ti lọ nìyẹn, á padà sọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ̀, wọ́n á mú òmíràn. Èyí tí wọ́n ní ọkọ tó bá fẹ́ ẹ á kú, irọ́ pátápátá ni, wọ́n ń lọ́kọ, wọ́n ń bímọ, ẹ yé gbé e kiri.