Bí therapist bá dákẹ́, kí ló ń gbọ́?

Àbúrò, o béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni therapist, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn èèyàn, lè mọ ohun téèyàn ò sọ. O ní tìrẹ máa ń dákẹ́ wò ọ́ lórí fídíò, ìwọ náà á máa wolẹ̀, ó wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sí GP rẹ, dókítà àdúgbò yín, ní Manchester pé o kì í wojú èèyàn, ó jọ pé o ń sá fún òun. Inú bí ọ, o fẹ́ pa á tì. Ní sùúrù ná. Ó ń ka ara rẹ lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á nílé tiwọn ló ń kà á. Bẹ́ẹ̀ nìwọ náà ṣe ń ka tirẹ̀.

London ni wọ́n ti tọ́jú mi. Bàbá mi kú nígbà tí ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, n kò lè lọ sin wọ́n, n kò sì rí oorun sùn mọ́. Obìnrin òyìnbó kan tó tó ẹgbẹ́ ìyá mi ni wọ́n ní kí n lọ bá. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé kí n máa pe àwọn lórúkọ. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Wọn ò fẹ́ "Ma", èmi náà ò lè pe orúkọ, ni mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ láìpè wọ́n ní ohunkóhun. Wọ́n sọ fún mi nígbà tó yá pé àwọn ti kíyè sí i, àwọn sì rò pé n kò fẹ́ sún mọ́ àwọn ni. Èmi rèé, ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún wọn! Níbí, Màmá ni n óò máa pè wọ́n.

Wọ́n ríran o, n kò ní parọ́. Lọ́jọ́ tí mo sọ bí wọ́n ṣe fi fídíò ìsìnkú bàbá mi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹ̀rín ni mo ń rín. Ìwọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní orí mi ti yí. Màmá ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀rín náà. Wọ́n kàn ní, "Wo ọwọ́ ẹ." Mo wò ó: mo ti bó awọ ara àga wọn dé ìdajì. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sunkún bàbá mi.

Kì í ṣe idán. Ní 1966, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Haggard àti Isaacs, kọ̀wé nípa fíìmù tí wọ́n yà níbi therapy. Wọ́n ń wá ohun tí therapist àti aláìsàn ń sọ fúnra wọn láìlanu. Ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí fíìmù náà máa lọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n rí i pé ojú èèyàn máa ń yí padà, á sì padà sípò, kí ẹni tó jókòó tì í tó mọ̀. Nǹkan ń jáde lójú wa tí àwa fúnra wa ò mọ̀ pé ó jáde. Ó yàtọ̀ sí pé kí ẹnì kan rí i kó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún dẹ́rù bà ọ́. Wọ́n á ní ohùn àti ojú ló ń sọ ìdá 93 nínú ohun tí à ń sọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ò ju 7 lọ. Ìwádìí Albert Mehrabian, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ti 1967 ni wọ́n fà á yọ láti inú rẹ̀, ohun tó sì dá lé ni bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ẹnì kan fẹ́ràn wa tàbí kò fẹ́ràn wa nígbà tí ohùn rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ta kora. Mehrabian fúnra rẹ̀ ti sọ pé kò kan gbogbo ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, fíìmù ilẹ̀ Ṣáínà ì bá yé gbogbo wa láìsí ògbufọ̀.

Ní ti wíwojú, Sigmund Freud, dókítà tó bẹ̀rẹ̀ fífi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn, pàápàá sá fún un. Ẹ̀yìn àga gbọọrọ tí aláìsàn sùn lé ló máa ń jókòó sí, ó sì kọ ọ́ ní 1913 pé òun ò lè fara da kí èèyàn máa tẹjú mọ́ òun fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Ẹni tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ rèé. Wọn ò kọ lẹ́tà sí GP tirẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ ni ti ọwọ́ òsì. Lọ́jọ́ kan Màmá na fọ́ọ̀mù sí mi, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi nà án. Mo mọ̀ pé kò já mọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ tiwọn, síbẹ̀ ara mi ti bínú kí orí mi tó dé ibẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ìyẹn, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni mo fi ń dáhùn. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé bírò kalẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti fún mi ní fọ́ọ̀mù ló ti ń ṣe àwọn bíi pé àwọn jẹ̀bi nǹkan, àwọn ò sì mọ nǹkan náà. Ṣé àwọn ṣẹ̀ mí ni?

Mo sọ ọ́, bó tilẹ̀ ń tì mí lójú. Wọ́n ní ọlọ́wọ́ òsì ni àwọn, tíṣà àwọn máa ń fi rúlà gbá àwọn lọ́wọ́ nítorí rẹ̀. Mo ní bàbá mi náà máa ń gbá mi lọ́wọ́ tí mo bá fi òsì gba nǹkan. Báyìí la ṣe dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, ẹni tí mo ti ń yìn láti ọjọ́ tí mo ti dé ibẹ̀, tí n kò tíì lè sọ pé mo bẹ̀rù wọn.

Láyé Freud, ohun tí dókítà bá ń mọ̀ lára nítorí aláìsàn rẹ̀, ìdíwọ́ ni wọ́n kà á sí. Paula Heimann, dókítà tó ń ṣe irú iṣẹ́ Freud, ló kọ̀wé ní 1950 pé irinṣẹ́ ni, ó lè tọ́ka sí ohun tí aláìsàn ò tíì lè fẹnu sọ. Mo gbà, tó bá ti lè béèrè. Màmá ò kọ ọ́ sínú fáìlì pé mo ń bínú. Wọ́n bi mí. Ibi tí therapist tìrẹ ti kù díẹ̀ káàtó nìyẹn.

Àwọn náà sì ń fún wa ní tiwọn láìmọ̀. Màmá máa ń wo òkè èjìká mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti sú wọn. Aago ló wà lára ògiri lẹ́yìn mi, kí wọ́n lè mọ ìgbà láìyí orí. Wọ́n tún máa ń ní "hùn-ún" tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Nílé wa, tí àgbà bá ti ṣe "hùn-ún" tó sì dákẹ́, ọ̀ràn ti dé nìyẹn! N óò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ara mi bí ẹni tó jalè. Ohun tí wọ́n ń sọ ò ju "mò ń gbọ́, máa bọ̀" lọ. Bí n kò bá béèrè, n kò ní mọ̀ títí dòní.

Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní ilé ìwòsàn Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, tí àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú, aláìsàn kì í dá wá. Ìbátan rẹ̀ kan máa ń bá a wá gbé. Ẹni tó lè sọ pé ọmọ yìí kì í tẹjú mọ́ àgbà wà nítòsí. Ní Manchester, ìwọ nìkan ni, ìwọ ni wàá ṣe ògbufọ̀ ara rẹ. Sọ fún un bẹ́ẹ̀: "Nílé wa, ẹni tí mo bá bọ̀wọ̀ fún ni mi ò kì í wò lójú. Tí ẹ bá dákẹ́, ó ń ṣe mí bíi pé mo ti ṣẹ̀ yín." Bí ẹnu rẹ ò bá gbé e, kà á jáde látinú fóònù rẹ.

Fi ti fídíò kún un. Kò sẹ́ni tó lè wojú ẹnì kejì lórí rẹ̀: tó bá wo ojú rẹ lórí kọ̀ǹpútà, ìwọ á rí i bíi pé ó ń wolẹ̀, tó bá wo kámẹ́rà kí o lè rí ojú rẹ̀, kò ní rí tìrẹ. Ìdákẹ́jẹ́ náà, o ò ní mọ̀ bóyá ó ń ronú ni tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Sún kọ̀ǹpútà sẹ́yìn kó lè rí ọwọ́ rẹ, tàbí kí o béèrè bóyá ẹ lè máa pàdé lójúkojú. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bó o tiẹ̀ ń wolẹ̀.

Bí o bá sọ ọ́ tán, tó bá yà á lẹ́nu tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ ní ìbéèrè, dúró tì í, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní rárá, òun mọ ohun tí òun rí, nígbà náà ni kí o ní kí wọ́n fún ọ ní ẹlòmíì.