Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Fífi Fóònù Ya Àwòrán Ilé Tí Ẹ Fẹ́ Fi Rẹ́ǹtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bódìjà ni mo ti ń bá àwọn onílé wá ayálégbé. Bí mo bá ya pálọ̀, ògiri á dà bí èyí tó fẹ́ wó, fèrèsé á sì funfun báláú. Fóònù tó dáa ni mo ń lò. Kí ló dé? (Ejẹ́ńtì, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Fóònù yín ò ṣẹ̀. Ògiri máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ojú kámẹ́rà bá wo òkè tàbí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbé fóònù dé ibi ojú wọn, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ síwájú kí táìlì lè wọ inú àwòrán. Ibẹ̀ gan-an ni igun ògiri ti ń yẹ̀. Ẹ gbé e wálẹ̀ sí déédéé àyà, bíi mítà 1.2 sí 1.4 sí ilẹ̀, kó sì dúró ṣánṣán. Ẹ wọ sẹ́tìnsì kámẹ́rà, ẹ tan “Grid”. Ìlà mẹ́rin á hàn lójú fóònù. Ẹ fi ọ̀kan nínú àwọn tó dúró lóòró wé férémù ilẹ̀kùn. Ìgbà tí wọ́n bá bára mu ni kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kíṣìnì nìkan la máa ń gbé e sókè sí díẹ̀, kí orí káúńtà lè hàn.

Ti fèrèsé: ìmọ́lẹ̀ ìta ju ti inú yàrá lọ púpọ̀, kámẹ́rà ò sì lè gba méjèèjì mọ́ra bí ojú èèyàn ṣe ń gbà á. Ẹ jẹ́ kí HDR (ètò kámẹ́rà tó ń jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn jọ hàn) wà ní títàn. Ẹ fi ìka tẹ ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà lójú fóònù, ẹ dì í mú títí tí ìmọ́lẹ̀ á fi dúró sójú kan (lórí iPhone, ẹ ó rí “AE/AF Lock”). Ẹ wá rọra fa àmì oòrùn kékeré yẹn wálẹ̀ títí irin ojú fèrèsé á fi hàn ketekete. Bí abẹ́ àga bá ti ń ṣókùnkùn jù, ẹ ti fà á kọjá ààlà nìyẹn.

Àkókò náà ṣe pàtàkì, ibi tí ọ̀pọ̀ sì ti ń ṣì í nìyí. Bí ilé bá kọjú sí ìlà oòrùn, àárọ̀ ni kí ẹ ya iwájú rẹ̀ láti ìta. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni kí ẹ ya àwọn yàrá tí fèrèsé wọn kọjú síbẹ̀, nígbà tí oòrùn ò gba inú wọn wọlé mọ́. Ẹ ṣí kọ́tìnì, ẹ pa gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n, torí yóò kun apá kan ògiri ní àwọ̀ pupa ẹyin. Filáàṣì ńkọ́? Ẹ pa á. Á kàn tàn padà lójú táìlì ni.

Ìbéèrè: Self-contain kékeré ni mo fẹ́ gbé síta ní Akọka. Ṣé kí n lo 0.5 (ojú kámẹ́rà tó ń gba ibi tó fẹ̀) kó lè fẹ̀? (Onílé, Yábàá)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1x, ojú kámẹ́rà tí a máa ń lò déédéé. 0.5 máa ń na ohun tó bá wà létí àwòrán: fíríìjì á sanra, bẹ́ẹ̀dì á gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó wọkọ̀ láti Ìkòròdú wá wo yàrá ńlá, tó wá bá kékeré, kò ní san owó rẹ́ǹtì, ẹ ó sì ti fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò. Ẹ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tàbí ní kọ̀rọ̀, kí ẹ̀yìn yín kan ògiri, kí ògiri méjì péré hàn. Bí kò bá ṣeé ṣe, bíi ní balùwẹ̀, ẹ lo 0.5, ṣùgbọ́n kí ohunkóhun má wà létí. Ẹ fi téèpù wọn yàrá náà, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán: bíi ìbú ẹsẹ̀ bàtà 10, gígùn ẹsẹ̀ bàtà 12, bó bá ṣe rí gan-an.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ló ń ya ilé bàbá wa n'Ìjẹ̀bú-Òde ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ṣíṣú ni gbogbo ẹ̀ ń ṣú. (Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Ẹ ní kó kọ́kọ́ fi aṣọ òwú tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà, òógùn àti epo ọwọ́ ló sábà máa ń mú un ṣú. Lẹ́yìn náà, WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù kó lè yára lọ. Kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi “Document”, á dé bó ṣe wà. Àmọ́ irú èyí máa ń gbé àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ti yà á dání pẹ̀lú, nítorí náà kó pa “Location” nínú sẹ́tìnsì kámẹ́rà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gbàgbé mítà iná, kànga tàbí kànga ẹ̀rọ (borehole), táńkì omi àti ojú ọ̀nà tó wọ ilé. Ohun tí ayálégbé ń bèèrè ṣáájú POP (ọ̀ṣọ́ àjà ilé) nìwọ̀nyí.

Ìbéèrè: Ìlà dúdú ń gba inú àwòrán mi kọjá bí mo bá tan iná LED. (Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Iná wa jẹ́ 50 Hz (ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ọ̀pọ̀ LED sì máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá yára jù ú lọ, ṣíṣẹ́jú iná yẹn á hàn. Bí fóònù yín bá ní “Pro”, ẹ gbé “Shutter” (bí ojú kámẹ́rà ṣe máa pẹ́ tó ní ṣíṣí) sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ gbé fóònù lé nǹkan tí kò ní mì. Bí kò bá ní in, ẹ pa iná, ẹ ṣí kọ́tìnì.