Dísìkì iwájú Land Cruiser 80: iṣẹ́ bíárìn ni, kì í ṣe ti bíréèkì nìkan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá ọkọ̀. Ẹ ní Land Cruiser 80 ọdún 1994 yín, jíìpù Toyota, máa ń gbọ̀n bí ẹ bá tẹ bíréèkì lórí eré, ẹ sì ń béèrè bóyá dísìkì iwájú, àwo irin tí bíréèkì máa ń fún mú, yóò jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ tí ẹ bá ti tú kálípà, irin tó gbé páàdì bíréèkì dání, àti bóyá kí ẹ kúkú gbé èyí tó wà níbẹ̀ lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá dísìkì. Kò ní jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀yìn họ́ọ̀bù, irin àárín tí wọ́n ń de ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́, ni wọ́n fi bóòtì de dísìkì náà mọ́, nítorí náà odindi họ́ọ̀bù, tòun ti bíárìn inú rẹ̀, òrùka oníróólà tó ń jẹ́ kó yí geere, gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ kí ẹ tó lè pààrọ̀ rẹ̀.

Pípààrọ̀ páàdì kò le. Ẹ yọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dá a dúró, ẹ fa èyí tó ti jẹ tán jáde, ẹ rọra ti písítìn, irin inú kálípà tó ń ti páàdì, padà, kí ẹ sì máa wo ike epo bíréèkì kó má baà kún dànù, nítorí epo yẹn máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Tí ẹ bá tú kálípà, ẹ fi wáyà so ó kọ́, ẹ má jẹ́ kó fi rọ́bà epo rẹ̀ rọ̀.

Họ́ọ̀bù ni ìyà wà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ìdérí kékeré àárín àti òrùka irin tó há mọ́ orí ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ óò bá nọ́ọ̀tì mẹ́fà. Abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wáṣà ṣóńṣó kan wà, tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ti fún mọ́ ihò rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Píláyà kò lè fà á jáde. Ẹ dá nọ́ọ̀tì padà sí ẹnu bóòtì kí tírẹ́ẹ̀dì má baà bàjẹ́, ẹ gbé ọ̀pá idẹ lé e, kí ẹ sì fi òòlù gbá a gidi. Lójijì ni wáṣà yóò tú. Nọ́ọ̀tì ńlá méjì ló kù nínú, wáṣà tí wọ́n tẹ etí rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mìlímítà 54 ló ń ṣí wọn. Ẹ rà á kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa kò ní in, irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ àti òòlù ni wọ́n fi ń gbá nọ́ọ̀tì náà yí.

Bí wọ́n ṣe ṣe tèmi nìyẹn. Ọ̀gá kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní àgbà nínú iṣẹ́ Toyota gbá nọ́ọ̀tì inú wọlé títí tó fi kọ̀, ó ní bó bá ṣe le tó ló ṣe dára tó. Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń gbóòórùn gíríìsì tó ń jó, nígbà tí mo sì dúró, èéfín ń rú lára ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n tú u, ọ̀pá tí bíárìn jókòó lé ti di aláwọ̀ aró, bíárìn sì ti lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Òṣìṣẹ́ kan tó ń yẹ ọkọ̀ wò bá mi níbẹ̀, ó béèrè ìwé ọkọ̀, ó ní táyà mi ti gbó, ó sì kọ owó ìtanràn fún mi. Ẹni tí ìjọba ń sanwó fún kó lè mọ ọkọ̀ tó léwu kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí èéfín ti ń jáde. Inú ṣì ń bí mi.

Nítorí náà, ẹ fi kẹrosín-ìn fọ bíárìn, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ ti gíríìsì tuntun wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀ títí yóò fi máa yọ láàárín àwọn róólà. Ẹ ra síìlì ẹ̀yìn tuntun, òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí gíríìsì jò jáde lẹ́yìn họ́ọ̀bù. Ẹ di nọ́ọ̀tì inú bí ẹ ti ń yí họ́ọ̀bù lọ tí ẹ ń yí i bọ̀, kí bíárìn lè jókòó. Ẹ tú u, kí ẹ tún un dì níwọ̀nba. Ẹ fi wáṣà sí i, ẹ di nọ́ọ̀tì òde, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí nọ́ọ̀tì òde máa ń fi kún líle rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wúwo díẹ̀ lọ́wọ́ bó ti ń yí, kò sì gbọdọ̀ mì bí ẹ bá dì í mú lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ wá tẹ etí wáṣà kan sí nọ́ọ̀tì inú, kí ẹ tẹ òmíràn sí ti òde.

Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ yìí lórí jáàkì nìkan. Ẹ má sì fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku bíréèkì, nítorí asbestos, èròjà onífọ́nrán kan, wà nínú páàdì àtijọ́ mìíràn, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.

Ní ti fífá dísìkì, wọ́n kọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ tín-ín-rín jù lọ sára dísìkì fúnra rẹ̀. Bí fífá yóò bá mú un kéré sí ìyẹn, ẹ ra tuntun fún ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì fọ òróró ara rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ gbé ọkọ̀ sókè lónìí, kí ẹ mi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lókè àti nísàlẹ̀, nítorí bíárìn tó tú lè fa ìgbọ̀n tí ẹ ń ròyìn yìí. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, tí ẹ bá ti fi ọkọ̀ rìn díẹ̀, ẹ tún mi wọ́n kí ẹ tó rin ìrìn jíjìn.