Mo lè ka Faransé, ṣùgbọ́n etí mi kò gbọ́ ọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí, Tánkè ni mò ń gbé n'Ílọrin. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń fi fóònù kọ́ Faransé fúnra mi. Mo ń kà á, àmọ́ bí wọ́n bá ń sọ ọ́, kì í yé mi. Káàdì mi lórí Anki, áàpù tí mo fi ń ṣe àtúnyẹ̀wò ọ̀rọ̀, náà ti di òkìtì.

Ìdáhùn: Etí yín ni ẹ kò tíì fún níṣẹ́. Ẹ gba ìròyìn Journal en français facile ti RFI, rédíò ilẹ̀ Faransé, sórí fóònù. Ìṣẹ́jú 10 ni, ó sì ní àkọsílẹ̀. Ìṣẹ́jú 1 péré ni kí ẹ mú: ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó ṣí àkọsílẹ̀ wò. Ibi tí ẹ bá ti ṣì í gan-an ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Ìró kan wà tó ń dà wá láàmú. Ìparí "ìtàn" àti "ìbọn", ìró kan náà ni lẹ́nu wa. Ìkọsílẹ̀ nìkan ló yà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí "vent" àti "vont" fi ń dọ́gba létí Yorùbá. Fún "vent", ẹ la ẹnu bí ẹni ń pe "a". Fún "vont", ẹ ká ètè roboto. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ fi wé ti àwọn tó ń sọ Faransé.

Ní ti Anki, káàdì tuntun 20 lóòjọ́ ló máa ń bá wá. Ó pọ̀ jù, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń padà wá fún àtúnyẹ̀wò. Ẹ sọ ọ́ di 0 títí òkìtì yóò fi tán, lẹ́yìn náà kí ẹ fi í sí 7. Gbólóhùn tó ní ohùn ni kí ẹ máa fi ṣe káàdì.