Ohùn mi kò dún ketekete nínú fídíò: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mò ń ṣe fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní àwòrán, ohùn mi àti orin. Orin bo ohùn mi mọ́lẹ̀, ariwo kan ń hó lábẹ́ ọ̀rọ̀, ibi tí mo bá sì ti pariwo díẹ̀, ṣe ni ohùn ń fọ́. MP3 ni mo fi gbà á sílẹ̀. Mo ti tún un ṣe léraléra, ńṣe ló túbọ̀ ń bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, ohùn tó fọ́ yẹn ló ṣòro jù láti tún ṣe dáadáa, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ìró. Bí ẹ bá yan 48,000 Hz, ìgbà 48,000 ló ń wọn ìró náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, tó sì ń kọ iye tó bá sílẹ̀. Nọ́ńbà tó lè kọ ní ààlà, ààlà ọ̀hún la ń pè ní 0 dB (dB ni a fi ń wọn bí ìró ṣe ga tó). Ohùn tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà á gé orí rẹ̀ dànù. Ẹ fa ìlà ohùn náà tóbi lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí i pé ṣónṣó orí rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ètò kan wà tó ń fi ìfojúbù dí ibi tó sọnù, ṣùgbọ́n etí sábà máa ń mọ̀. Ẹ tún àwọn gbólóhùn tí ohùn yín ti fọ́ kà sínú máìkì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi gbólóhùn tí ẹ ó pariwo jù nínú rẹ̀ dán máìkì wò, kí ẹ sì dín agbára rẹ̀ kù títí ibi tó ga jù yóò fi wà ní nǹkan bíi -12 dB, ìyẹn 12 dB sísàlẹ̀ ààlà yẹn. Bó bá kéré, a lè gbé e sókè tó bá yá.

Ìdí tó fi túbọ̀ ń bàjẹ́ ni MP3 tí ẹ ń lò. Kí fáìlì lè kéré, MP3 máa ń ju apá tó rò pé etí kò ní fura sí nù, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì tún un tọ́jú ló tún ń jù sí i. WAV, irú fáìlì tí kì í ju nǹkan kan nù, ni kí ẹ fi gbà á, 48,000 Hz àti 24-bit (bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe péye tó). 44,100 Hz ti CD náà dára, torí ó ju ìlọ́po méjì 20,000 Hz tí etí ènìyàn lè gbọ́ dé, àmọ́ 48,000 ni iṣẹ́ fídíò ń lò. Ó ń gbàyè lóòótọ́: ìṣẹ́jú kan ní stereo (ọ̀nà ìró méjì, ti òsì àti ti ọ̀tún) tó MB 17. Ohùn ẹnì kan kò nílò stereo, mono (ọ̀nà ìró kan ṣoṣo) ti tó, ìdajì àyè yẹn ló sì máa gbà. Ẹ tọ́jú ojúlówó fáìlì náà láìfọwọ́ kàn án, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ máa gé. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí pátápátá ni kí ẹ tó sọ ọ́ di MP3, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ní ti ariwo tó ń hó, ẹ kọ́kọ́ pa fáànù, kí ẹ sún mọ́ máìkì tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ẹ sì ta aṣọ nípọnnípọn sí ara ògiri tó bá ṣófo. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí máìkì gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Nínú Audacity, ètò àtúnṣe ohùn tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ yan ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, kí ẹ lọ sí Noise Reduction, kí ẹ tẹ Get Noise Profile, lẹ́yìn náà kí ẹ yan gbogbo ohùn kí ẹ sì lò ó. Ẹ má ṣe é jù. 6 sí 12 dB ti tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn á máa dún bí ti ẹni tó wà lábẹ́ omi.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn tún wúlò lọ́nà mìíràn, ibẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń mọ ẹni tó fara balẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá gé àṣìsọ kúrò, ẹ má fi àlàfo tí kò ní ìró kankan sílẹ̀, torí etí yóò gbọ́ bí yàrá ṣe kú lójijì. Ẹ̀dà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá ni kí ẹ fi dí i. Àárín ọ̀rọ̀ méjì ni kí ẹ ti gé, kí ẹ fi fade kékeré (kí ìró máa relẹ̀ tàbí ga díẹ̀díẹ̀) sí etí méjèèjì kó má baà dún "tá". Ẹ má sì yọ gbogbo èémí kúrò, ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀.

Orin ló rọrùn jù. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó relẹ̀ ju ohùn yín lọ ní nǹkan bíi 15 sí 20 dB, kí ẹ sì yan èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọrin nínú rẹ̀. Ẹ ka ìwé àṣẹ rẹ̀ pẹ̀lú: CC BY, ọ̀kan lára àwọn àṣẹ ìlò Creative Commons, ń béèrè pé kí ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é, èyí tó bá sì ní NC, ẹ kò gbọdọ̀ fi pawó.

Ẹ má tíì tún gbogbo rẹ̀ gbà sílẹ̀ o. Ìṣẹ́jú kan péré ni kí ẹ gbà, kí ẹ ṣe é délẹ̀ pẹ̀lú orin, kí ẹ fi hẹ́dífóònù gbọ́ ọ, kí ẹ tún fi fóònù lásán gbọ́ ọ láìwo àwòrán. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá yé yín lórí fóònù, ẹ lè gba ìyókù.