Ojú tó ń sá fún ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe Àpólò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ojú ọ̀tún yín ti pọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ipin, iná fóònù pàápàá ń dùn yín, oògùn Àpólò tẹ́ ẹ rà ní kẹ́mísìtì kò sì ràn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó lè jẹ́ uveitis, ìyẹn ìwúlé inú ẹyinjú, ló ń ṣe yín. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn nìyẹn, odidi ọjọ́ 11 ni mo fi ń kán oògùn Àpólò sí i.

Àpólò a máa ta ojú bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀, ipin á lẹ ìpéǹpéjú pọ̀ láàárọ̀. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Inú lọ́hùn-ún ló ti ń ro mí, ó ń ro mí dé iwájú orí. Pípọ́n rẹ̀ yí dúdú ojú ká bí òrùka. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú tó ń dùn mí, mo kọjú èyí tó yá sí fèrèsé: èyí tí mo bò ló ta mí. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà mí.

Dókítà ojú ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, ó tan iná tín-ín-rín sínú ojú mi. Ó ní òun rí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń léfòó nínú omi iwájú ẹyinjú, bí eruku tí oòrùn wọlé bá. Uveitis ló pè é. Ó kọ prednisolone, ìyẹn oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń mú ìwúlé rọlẹ̀, fún mi, kí n máa kán an ní wákàtí wákàtí, àti atropine tó ń fẹ ọmọlójú kí etí rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ lẹ́ǹsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ojú. Mo ti pẹ́ jù. Ọmọlójú mi kò rí roboto mọ́ títí dòní.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ojú mi funfun, mo pa prednisolone tì. Kò pé ọjọ́ márùn-ún tó fi padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tèmi gbà. Ẹ má sì dá a rà o: bó bá jẹ́ pé kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní herpes ló wà lójú yín, sítẹ́rọ́ìdì á jẹ́ kó tàn kálẹ̀, ó sì lè mú ìfúnpá inú ojú ga. Omi ọmú ìyá ọmọ, ìtọ̀, omi ṣúgà, ẹ má kán ìkankan nínú wọn.

Tí ẹ̀yìn bá ń gan yín láàárọ̀, tàbí ikọ́ ń ṣe yín, ẹ sọ fún dókítà, torí àìsàn ibòmíì lára lè fa uveitis. Ó lè ní kẹ́ ẹ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti sífílísì, àrùn kan tí wọ́n ń kó níbi ìbálòpọ̀. Òní ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ wọ jígí dúdú, kẹ́ ẹ mú ẹnì kan dání, torí bí wọ́n bá kán atropine sí ojú yẹn, kò ní lè kàwé dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan.